Ìgbà Ara Là Ń Búra

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí nínú kíláàsì èdè Yorùbá. Olùkọ́ kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan ní Òkè Ọya tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé òwe náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí kò sì kọsẹ̀ níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ ìtumọ̀ òwe, ọ̀tọ̀ ni kí òwe náà ṣẹ mọ́ ọn lára. Oṣù kẹjọ ọdún 1995 ni ó ṣẹ mọ́ olùkọ́ yìí lára, ó sì di gbèsè tí ó gbé kọ́rùn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Lítíréṣọ̀ alohùn ni ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ìjálá ni ó sì fẹ́ràn jù lọ nínú rẹ̀. Ọmọ ọmọ ọdẹ ni òun fúnra rẹ̀. Ohun kan wà tí í máa bà á nínú jẹ́ lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ tí wọ́n lè ki erin, tí wọ́n lè ki ẹfọ̀n, ẹkùn àti àgbọ̀nrín láìsinmi, bí ènìyàn bá bi wọ́n bí etí erin ti fẹ̀ tó, orí ni wọn yóò máa họ. Ẹnu wọn mọ ẹranko, ojú wọn kò mọ̀ ọ́n. Lójú olùkọ́ yìí, oríkì tí ẹni tí ń kì í kò mọ ohun tí òun ń kì dà bí owó ẹyọ nínú àpò ọmọ òde òní: owó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé ná. Nítorí náà ni ó ṣe pinnu pé òun yóò kó àwọn ọmọ kíláàsì òun lọ sí Yankari, kí wọ́n lọ fi ojú ara wọn rí ohun tí ẹnu wọn ti ń pè.

Yankari wà ní ìpínlẹ̀ Báúṣì. Ọdún 1956 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́, ọdún 1962 ni wọ́n sì ṣí i fún àwọn olùwòran. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú àti lóròó. Odò Gaji ni ó là á kọjá. Ìsun omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wikki. Omi náà mọ́ gaara, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, tọ̀sán tòru, ìwọ̀n ooru rẹ̀ kì í yẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 31 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Erin wà nínú igbó náà, ẹfọ̀n wà níbẹ̀, erinmi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kìnnìún àti oríṣiríṣi ẹtu àti àgbọ̀nrín.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ni ó rí owó ìrìn-àjò san. Oṣù kẹjọ ni wọ́n mú, nítorí pé ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ni àyè ṣí sílẹ̀ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ náà bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, ó bèèrè lọ́wọ́ awakọ̀, ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá àyè ṣí sílẹ̀ fún àwọn ẹranko.

Koríko ni wọ́n rí. Koríko tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí ó tutù yọ̀yọ̀, tí ó bo ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ ńlá tí ó gbé wọn wọ inú igbó rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọkùnrin sì bọ́ bàtà láti tì í. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀. Wọ́n rí àwọn ọ̀bọ ńláńlá tí ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò lẹ́bàá ilé ìbùwọ̀. Wọ́n wẹ̀ nínú omi Wikki. Wọ́n rí ẹsẹ̀ erin nínú ẹrẹ̀, ó kún fún omi òjò bí ọpọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tí ó ni ẹsẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí kòkòrò ń jẹ wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà wí pé: "Ẹfọ̀n ni wọ́n ní kí á wá wò, ẹ̀fọn ni a rí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò padà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ọmọ Kàbà, tí ó ti ta ẹ̀pà fún gbogbo sáà kan kí owó rẹ̀ tó pé, súnmọ́ olùkọ́ náà, ó sì bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé: "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹranko wà níbí lóòótọ́?" Olùkọ́ náà kò mọ ohun tí yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ ní èdè Haúsá. Ó ní ẹranko wà, ṣùgbọ́n omi wà níbi gbogbo báyìí. Ẹranko tí ó ń rí omi mu níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí, tí ó ń rí koríko tútù jẹ níwájú àti lẹ́yìn, kí ni yóò wá ṣe lẹ́bàá odò lọ́dọ̀ ènìyàn? Ó ní kí wọ́n padà wá nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí gún olùkọ́ náà lọ́kàn, nítorí pé kò yẹ kí ó jẹ́ àlejò ni yóò kọ́ ọ. Bàbá bàbá rẹ̀ kì í ṣe òpò ọdẹ nígbà òjò. Ìgbà tí ẹ̀rùn bá mú, tí wọ́n bá ti sun ìgbẹ́, tí àwọn odò kéékèèké bá gbẹ tán tí ó ku ibú kan ṣoṣo, ìgbà náà ni bàbá náà yóò lọ gun orí igi lẹ́bàá ibú, yóò sì dákẹ́. Kò ní wá ẹran kiri. Òùngbẹ ni yóò bá a kó wọn wá. Olùkọ́ náà ti gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré. Ó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ rẹ̀ ti mọ oríkì erin: lórí ahọ́n nìkan.

Nínú ọkọ̀, ó ṣèlérí fún àwọn méjèèjìlá pé òun yóò mú wọn padà wá nígbà ẹ̀rùn. Sáà ìdánwò dé, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì túká. Owó oṣù ń pẹ́ kí ó tó wọlé, ọmọ tirẹ̀ náà wọ ilé-ìwé gíga, ọdún ń gorí ọdún. Ní ọdún 2018, ó fẹ̀yìn tì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ọmọ Kàbà náà pè é lórí fóònù. Ó ti di ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì náà ti ń dá àjọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìrìn-àjò ni wọ́n sì fẹ́ fi owó náà lọ. Safari ni wọ́n ń pè é nínú tẹlifíṣọ̀n. Kẹ́ńyà ni wọ́n fẹ́ lọ, Bàbá ni wọ́n sì fẹ́ kí ó ṣáájú wọn. "Ìsinmi Àjíǹde ni a mú, Bàbá, nítorí pé olùkọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wa." Olùkọ́ náà béèrè àlàáfíà àwọn méjèèjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó sọ pé mẹ́sàn-án ni wọ́n kù. Ọmọkùnrin tí ó fi ẹfọ̀n àti ẹ̀fọn ṣàwàdà nínú ọkọ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí ó ti lọ.

Olùkọ́ náà tọrọ oṣù kan lọ́wọ́ wọn. Kò fẹ́ kí àṣìṣe ọdún 1995 tún wáyé lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ra páálí fífẹ̀ kan, ó fa ìlà méjìlá sí i fún oṣù méjìlá, ó sì kọ orúkọ àwọn ẹkùn ilẹ̀ Áfíríkà sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ara wọn. Ó lọ sí ibi ìkàwé, ó ka ìwé, ó bi àwọn tí ó ti lọ rí. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi pẹ́ńsù búlúù kun ibi tí òjò bá ti ń rọ̀, tí ó sì ń fi pẹ́ńsù pupa kun ibi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé ilẹ̀ Áfíríkà kò ní àsìkò kan ṣoṣo. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ ní ibì kan, ọ̀dá ń mú ní ibòmíràn. "Safari" gan-an, èdè Kiswahili ni, ìrìn-àjò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹranko pàápàá sì ni onírìn-àjò àkọ́kọ́.

Ìlà-oòrùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Pápá Serengeti ní Tànsáníà àti Maasai Mara ní Kẹ́ńyà fara kan ara wọn. Ààlà tí ìjọba pa sáàárín wọn, ẹranko kò mọ̀ ọ́n. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wildebeest, tí ó ní ìwo bí ẹfọ̀n, tí ó ní ìrù bí ẹṣin. Iye wọn lé ní 1,000,000. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà sì ń bá wọn rìn. Láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹta, gúúsù Serengeti ni wọ́n máa ń wà, níbi tí eérú òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ti mú kí koríko kúkúrú ilẹ̀ náà lóúnjẹ nínú fún abiyamọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù kejì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bí ọmọ náà ni yóò dìde, nítorí pé ìkookò àti kìnnìún kì í jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ gúúsù bá gbẹ, wọn yóò gbéra. Láti oṣù keje títí dé oṣù kẹwàá ni wọ́n ń la Odò Mara kọjá síwá sẹ́yìn, tí ọ̀nì sì ń dúró dè wọ́n nínú omi. Ní oṣù kọkànlá, òjò kúkúrú yóò pè wọ́n padà sí gúúsù.

Olùkọ́ náà wo ìlà oṣù kẹrin fún Kẹ́ńyà. Búlúù ni. Láti oṣù kẹta títí di oṣù karùn-ún ni òjò ńlá wọn. Ọ̀nà a di ẹrẹ̀, koríko a ga, ibùdó mìíràn a sì ti ìlẹ̀kùn. Bí wọ́n bá lọ sí Kẹ́ńyà nígbà Àjíǹde, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún lọ rí ẹ̀fọn níbi tí wọ́n ti ń wá ẹfọ̀n.

Ó bọ́ sí gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà. Níbẹ̀, ìgbà òtútù ni ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá. Ní Kruger ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, tí ó ti di ọgbà orílẹ̀-èdè láti ọdún 1926, ewé a wọ́, ojú a sì ríran jìnnà. Ní Etosha ní Namibia, ènìyàn lè jókòó lẹ́bàá kòtò omi kan ṣoṣo, kí erin, kìnnìún, àgùnfọn àti àgbáǹréré wá bá a níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí aláìsàn ṣe ń wọlé tọ dókítà. Ní àfonífojì Luangwa ní Zambia, wọ́n a máa fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé ẹranko pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tí ó gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, òjò a máa gba ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ibùdó a sì kógbá wọlé. Olùkọ́ náà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ páálí pé ẹni tí ó bá ń lọ síhà ibẹ̀ ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, kí ó mú kóòtù dání, nítorí pé òtútù òwúrọ̀ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa.

Ibi tí ó yà á lẹ́nu jù ni Okavango ní Botswana. Omi Odò Okavango kì í dé òkun. Inú iyanrìn aṣálẹ̀ ni ó ti ń fọ́nká tí ó sì ń parẹ́. Orí òkè Àńgólà ni òjò rẹ̀ ti ń rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Omi náà á wá máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fún oṣù púpọ̀, débi pé láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni ó ń kún jù lọ ní Botswana, nígbà tí òjò ti dá níbẹ̀ tipẹ́, tí gbogbo àyíká sì ti gbẹ táútáú. Ẹ̀kún omi nínú ẹ̀rùn! Gbogbo ohun abẹ̀mí a sì rọ́ lọ síbẹ̀. Ìkaye tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 fi hàn pé erin tí ó wà ní Botswana lé ní 130,000. Olùkọ́ náà kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì wò ó títí.

Kò gbàgbé àwọn gorílà orí òkè, tí wọ́n wà ní Rùwáńdà, Yùgáńdà àti Kóńgò nìkan. Ìkaye tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 2010 síwájú kò ju 1,063 lọ. Ènìyàn mẹ́jọ péré ni wọ́n ń gbà lọ́jọ́ kan sọ́dọ̀ agbo kan, fún wákàtí kan péré, ìwé àṣẹ sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ṣáájú. Igbó òjò ni ilé wọn, kò sí ìgbà tí ó ń gbẹ pátápátá. Ṣùgbọ́n òjò a máa dínkù láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, àti láti oṣù kejìlá sí ìkejì, ẹsẹ̀ a sì lè di òkè náà mú.

Nígbà tí páálí náà kún tán, olùkọ́ náà rí ohun kan tí kò tí ì rí kà nínú ìwé. Ìsinmi mẹ́ta ni olùkọ́ ní lọ́dún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, láti ìparí oṣù keje wọ oṣù kẹsàn-án, ti Mara, Okavango, Etosha àti Kruger ni. Ìsinmi Kérésìmesì, ti àwọn gorílà ni. Ìsinmi Àjíǹde, ti ilé ni, nítorí pé ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, oṣù kejì sí ìkẹrin ni ilẹ̀ gbẹ jù, kí òjò tó dé. Ọ̀bẹ tí ó gún un ní ọdún 1995 kì í ṣe oṣù kẹjọ. Kò sí oṣù tí ó burú. Ó mú oṣù Mara lọ sí ilẹ̀ Yankari ni. Ìgbà òjò pàápàá kì í ṣe ìgbà òfo fún ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wá: ìgbà náà ni ewéko ń tutù, tí ọ̀pọ̀ ẹranko ń bímọ, tí owó ibùwọ̀ sì ń wálẹ̀.

Ohun kan wà tí ó mú kí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí páálí náà. Pẹ́ńsù pupa tí ó fi ń sàmì sí ìgbà tí ó dára fún olùwòran, òun náà ni ó ń sàmì sí ìgbà tí ìyà ń jẹ ẹranko. Ìgbà òùngbẹ wọn ni ìgbà ọdún àwọn olùwòran. Bàbá bàbá rẹ̀ mọ èyí, ó sì ń fi ìbọn dá a lóhùn. Kí ni ẹni tí ó gbé ojú lásán wá yóò fi dá a lóhùn? Olùkọ́ náà rò ó pé ohun tí ó kéré jù tí òun lè ṣe ni kí òun dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí òun má sì dí wọn lọ́nà omi.

Nígbà tí ó fi páálí náà ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n mú sùúrù di oṣù kẹjọ, kí wọ́n lọ sí Mara. Olùkọ́ náà kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn síwájú wọn. Wildebeest lé ní mílíọ̀nù kan. Bí wọn kò bá rí i lọ́dún yìí, wọn yóò rí i lọ́dún mìíràn. Erin Yankari ńkọ́? Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kà á mọ́, òun sì ni agbo tí ó pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Kìnnìún ńkọ́? Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2014 sọ pé kìnnìún tí ó ti dàgbà tó láti bímọ ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò tó 250 mọ́, àti pé Yankari àti Kainji nìkan ni wọ́n ti kù sí ní Nàìjíríà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, méjìlá ni yín nígbà tí mo ṣèlérí."

Ẹnìkan bèèrè bóyá kí wọ́n lọ sí Pendjari ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nítorí pé agbo kìnnìún tí ó pọ̀ jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà ní ìhà ibẹ̀. Olùkọ́ náà ti fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ páálí fún àlàáfíà, nítorí pé àlàáfíà náà ní àsìkò tirẹ̀ bí òjò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí àlejò méjì gbé nínú Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Láti ìgbà náà, ìkọlù àwọn ológun aláìnífìn-ín kò dáwọ́ dúró ní ààlà náà. Ìròyìn àwọn ajínigbé ní àyíká Kainji kò sì dára. Wọ́n fẹnu kò sí Yankari. Olùkọ́ náà pè wọ́n níbẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, ó pe àwọn ará Báúṣì tí ó mọ̀, ó sì là á sílẹ̀ pé wọn kò ní rìn lóru rárá. Ó ní kí oníkálukú lo oògùn ibà bí dókítà bá ti kọ ọ́. Fún àwọn tí ọkàn wọn ṣì wà ní Mara, ó ní kí wọ́n lọ gba àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú káàdì rẹ̀, nítorí pé ìyẹn kò ní àsìkò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbéra. Àwọn méje ni ó lè wá. Àbújá ni wọ́n ti pàdé, wọ́n gba Jọ́ọ̀sì, wọ́n sun Báúṣì, wọ́n sì wọ Yankari ní ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ gbẹ. Koríko ti di eérú ní ibòmíràn, ojú sì ń rí láàárín igi dé ibi tí ó jìnnà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìkùukùu ṣú ní ìlà-oòrùn. Ara sán. Olùkọ́ náà dìde jókòó lórí ibùsùn. Ó mọ̀ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ dáadáa, kòtò gbogbo yóò lómi, àwọn erin yóò sì túká kúrò lẹ́bàá Gaji. Ara tí òwe ní kí wọ́n fi búra ni ó wá di ohun tí ń já a láyà yìí. Ìrìn-àjò oṣù mẹ́fà tí ó fi pẹ́ńsù méjì ṣètò wà lọ́wọ́ ìkùukùu kan. Òjò ta sí orí páànù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ dìde, ó gbé e kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ gbé wọn gba àfonífojì Gaji. Ẹ̀ṣọ́ náà na ọwọ́ sókè, awakọ̀ sì pa ẹ́ńjìnnì. Kò sí ohun kankan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka igi kan dá. Abo erin kan tí ó dàgbà ni ó kọ́kọ́ yọ, ó dúró, ó fẹ etí, ó gbóòórùn wọn. Nígbà tí ó rí i pé wọn kò mira, ó sọ̀kalẹ̀ sí odò, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e: mẹ́rìndínlógún, méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ kékeré tí ó ń rìn lábẹ́ ikùn ìyá rẹ̀. Wọ́n mu omi. Wọ́n mu ún pẹ́, bí ẹni tí ó ti rin ọ̀nà jíjìn wá nítorí rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ki erin. Gbogbo wọn ni ó mọ oríkì náà síbẹ̀, olùkọ́ náà sì ti rò ó nílé pé ẹnìkan yóò bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù yóò sì gbè é. Ṣùgbọ́n ẹnu kò yà. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun fi ọwọ́ méjèèjì wọn ìbú etí erin nínú afẹ́fẹ́, bí ọmọ kíláàsì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdáhùn. Olùkọ́ náà wo ibi tí àwọn márùn-ún yòókù ì bá jókòó sí nínú ọkọ̀ náà, àwọn méjì tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá, àti àwọn mẹ́ta tí kò ní wá mọ́.

Ọmọ Kàbà náà ni ó sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, nígbà tí erin tí ó kẹ́yìn ti wọ inú igbó padà. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ìjọ́sí náà ni ó fi sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, wọ́n wà níbí lóòótọ́."

Páálí náà wà ní ẹ̀ka èdè Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí olùkọ́ náà ti fẹ̀yìn tì. Ó dà á kọ, ó mú un wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Oṣù méjìlá wà lókè, ẹkùn ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, búlúù àti pupa wà láàárín. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ìlà àlàáfíà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbólóhùn kan síbẹ̀: "Kí ẹ tó bèèrè ọjọ́ ìsinmi yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí omi wà."